Ìkòkò Tí Kò Gbọdọ̀ Tutù

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dìde kí ẹ yọjú sí ilé ìdáná yín. Ìkòkò tí wọ́n fi se ọbẹ̀ àná, abọ́ tí wọ́n fi ń bu omi, ọmọrí tí wọ́n fi dé ìrẹsì, ó ṣeé ṣe kí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ alumíníọ̀mù. Irin fífúyẹ́ tí ń dán yìí ti di ará ilé wa tó bẹ́ẹ̀ tí a kì í bi ara wa léèrè ohun tí wọ́n fi ṣe é. Bí ẹnikẹ́ni bá bi èmi, n ó sọ fún un pé iná mànàmáná ni wọ́n fi ṣe é. Kì í ṣe àwàdà. Erùpẹ̀ pupa kan wà tí wọ́n ń pè ní bọ́ọ̀sáìtì. Wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á sè é, títí yóò fi di ìyẹ̀fun funfun tí à ń pè ní alúmínà. Ìyẹ̀fun yìí ni wọ́n ń dà sínú àwọn ìkòkò ràbàtà-ràbàtà tí wọ́n tò lẹ́sẹẹsẹ nínú ilé gígùn, tí iná mànàmáná á sì máa gba inú wọn kọjá tọ̀sán tòru, tí ooru wọn á fi ìlọ́po mẹ́sàn-án ju ti omi tó ń hó lọ, kí irin tó yọ́ sílẹ̀ nísàlẹ̀. Tọ́ọ̀nù kan péré lára irin náà a máa jẹ tó yúníìtì iná 15,000. Ẹni tó bá ń sanwó iná ilé fúnra rẹ̀ yóò mọ ohun tí mo ń wí.

Síbẹ̀, pípọ̀ tí iná náà pọ̀ kọ́ ni olórí wàhálà. Mo ti ṣiṣẹ́ rí ní ilé ìtẹ̀wé kan nígbà ọ̀dọ́ mi. Bí iná bá lọ, ẹ̀rọ á dúró gbọnin, a ó ṣépè díẹ̀, a ó ra gúgúrú àti ẹ̀pà, a ó lọ jókòó sí ẹnu ọ̀nà. Bí iná bá dé, a ó hó yèè, a ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí a dé. Bébà díẹ̀ àti ọ̀sán kan ló bá a lọ. Ilé ìyọ́ alumíníọ̀mù kò ní irú ààyè bẹ́ẹ̀. Bí iná bá lọ níbẹ̀ fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin tàbí márùn-ún, ohun tó wà nínú ìkòkò wọnnì á bẹ̀rẹ̀ sí í dì, bí ẹ̀kọ ṣe ń dì nínú ewé. Ẹ̀kọ tó dì, èèyàn lè jẹ ẹ́. Èyí tó dì nínú ìkòkò alumíníọ̀mù, àfi kí wọ́n máa fọ́ ọ bí ẹni ń fọ́ àpáta, kí wọ́n sì tún ìkòkò náà ṣe láti ìpìlẹ̀. Ọ̀pọ̀ oṣù ni iṣẹ́ náà lè gbà, owó rẹ̀ kò sì ṣeé fẹnu sọ.

Torí náà, ẹni tó bá fẹ́ kọ́ irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í kọ́kọ́ béèrè ilẹ̀, kì í sì í kọ́kọ́ béèrè òṣìṣẹ́. Ohun tí yóò kọ́kọ́ béèrè ni pé: níbo ni iná wà, ta ló ni ín, ọdún mélòó ni onítọ̀hún sì lè fi búra pé kò ní í já? Ìtàn bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe wá iná rí ní etíkun tiwa níhìn-ín, ní orílẹ̀-èdè Ghana, ni mo fẹ́ sọ fún yín. Bí ẹ bá rò pé ti Ghana ni, kò kàn wá, ẹ ní sùúrù. Wáyà náà gùn ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Ní ọdún 1915, nígbà tí orúkọ Ghana ṣì ń jẹ́ Góòlù Kóòsì, òyìnbó onímọ̀ ilẹ̀ kan tí ń jẹ́ Albert Kitson wo odò Volta dáadáa. Ó rí i pé ní Akosombo, níbi tí odò ti gba àárín òkè méjì kọjá, èèyàn lè sé e kí agbára omi rẹ̀ sì fún ni ní iná. Bọ́ọ̀sáìtì sì wà nínú ilẹ̀ náà pẹ̀lú. Odò ní agbára, ilẹ̀ ní erùpẹ̀. Ẹni tó bá lójú yóò ti rí i pé tẹ̀gbọ́n tàbúrò ni wọ́n. Kitson kọ ọ́ sínú ìwé, ìwé sì sùn nínú fáìlì fún ọdún pípẹ́. Lẹ́yìn ogun Hitler ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó jí i, torí pé wọ́n nílò alumíníọ̀mù tí wọn kò ní í fi owó dọ́là rà. Wọ́n gbé ìgbìmọ̀ kan dìde ní 1953, Robert Jackson ni olórí rẹ̀. Nígbà tí àbọ̀ ìwádìí wọn jáde ní 1956, owó gbogbo iṣẹ́ náà ti di 231 mílíọ̀nù pọ́n-ùn. Kò pẹ́ sí i tí iye alumíníọ̀mù já lulẹ̀ lọ́jà ayé. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn ará Kánádà tó ti ń yọjú sí ìyàwó láti ìgbà yìí wá bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú ọ̀nà ilé wọn.

Bẹ́ẹ̀ ni nǹkan rí nígbà tí Ghana gba òmìnira ní 6 March 1957, tí Kwame Nkrumah sì di olórí. Ó fẹ́ kí odò Volta di iná. Ó fẹ́ ẹ bí ẹni fẹ́ ọmọ. Àwọn kan a máa béèrè pé, kí ló dé tí kò kàn kọ́ dáàmù rẹ̀ fún àwọn ará Ghana nìkan, tó fi di dandan kó wá onílé-iṣẹ́ alumíníọ̀mù lọ? Ẹ jẹ́ kí a dúró níbí díẹ̀, torí ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí.

Iná kì í ṣe iṣu. Ẹni tó bá kórè iṣu tó pọ̀ ju tàwọn oníbàárà lọ lè tò ó sínú àká títí di ìgbà òǹgbẹ. Iná tí ẹ̀rọ bá ṣe jáde ní ìṣẹ́jú yìí, ní ìṣẹ́jú yìí náà ni èèyàn gbọ́dọ̀ lò ó. Dáàmù tó tóbi tó ti Akosombo yóò ṣe iná tó pọ̀ ju èyí tí gbogbo Ghana lè tàn nígbà náà lọ fíìfíì. Gílóòbù mélòó ló wà nílé tálákà? Àwọn tó ní owó ẹ̀yá lọ́wọ́, àgàgà Báńkì Àgbáyé, kò sì ní í yáni lówó lórí odò lásán. Ohun tí wọ́n ń bi Nkrumah ni pé: ta ni yóò ra iná náà láti ọjọ́ kìn-ín-ní, tọ̀sán tòru, ẹ̀ẹ̀rùn àti òjò, tí yóò sì fi owó dọ́là san án? Ilé ìyọ́ alumíníọ̀mù nìkan ló lè dáhùn ìbéèrè yẹn. Ìkòkò tí kò gbọdọ̀ tutù ni oníbàárà tí oníná ń gbàdúrà fún.

Ní 1958, Nkrumah lọ sí Amẹ́ríkà, ó bá Ààrẹ Eisenhower sọ̀rọ̀. Láti ibẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ Kaiser ti wọ inú ọ̀rọ̀ náà, Edgar Kaiser ni aṣáájú wọn. Àwọn ẹnjiníà rẹ̀ tún gbogbo ìṣirò ṣe ní 1959. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti fẹ́ sé odò ní Ajena. Àwọn Kaiser ní ká padà sí Akosombo, bí Kitson ti wí. Wọ́n dín owó kù gidigidi. Wọ́n dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ VALCO: Kaiser ní ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún, Reynolds, ará Amẹ́ríkà mìíràn, ní ìdá 10. Tema, ní etí òkun, ni wọn yóò kọ́ ilé ìyọ́ sí. Ghana sì dá àjọ Volta River Authority, VRA, sílẹ̀ ní 1961 láti máa ṣọ́ dáàmù kó sì máa ta iná. Ní oṣù December ọdún yẹn, lẹ́yìn ìgbà tí Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì ti ṣàbẹ̀wò sí Ghana ní November, Ààrẹ Kennedy gbà pé Amẹ́ríkà yóò yáni lówó. Wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ní 22 January 1962.

Kí ló wà nínú ìwé náà? Ghana fúnra rẹ̀ mú ìdajì owó dáàmù wá, 35 mílíọ̀nù pọ́n-ùn, owó kòkó àwọn àgbẹ̀ rẹ̀. Báńkì Àgbáyé yá wọn ní 47 mílíọ̀nù dọ́là. Amẹ́ríkà àti Gẹ̀ẹ́sì yá wọn ní ìyókù. VALCO ṣèlérí pé bí òun lo iná, bí òun kò lò ó, òun yóò máa san iye kan tí a ti dá. Ìyẹn ló fi ọkàn àwọn olówó ẹ̀yá balẹ̀. Ghana ní tirẹ̀ ṣèlérí pé iná tó tó ilé ìyọ́ yóò máa wà nílẹ̀, àti pé iye rẹ̀ kò ní í yí padà fún 30 ọdún. Iye náà ni mílì 2.625 lórí yúníìtì kan. Mílì 10 ló wà nínú sẹ́ǹtì kan, sẹ́ǹtì 100 ló wà nínú dọ́là. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: sẹ́ǹtì kan yóò ra yúníìtì mẹ́ta, yóò sì kù díẹ̀ kó ra ìkẹrin. Gbogbo iná tó ń jẹ́ kí tọ́ọ̀nù alumíníọ̀mù kan jáde, nǹkan bíi 40 dọ́là ni.

Ti bọ́ọ̀sáìtì ńkọ́? Inú ìwé náà kò fi dandan lé e pé kí VALCO lo ti Ghana. Nítorí náà, ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé alúmínà wá sí Tema láti òkèèrè, nígbà tí ọkọ̀ ojú omi mìíràn ń gbé bọ́ọ̀sáìtì Awaso, ní ìwọ̀-oòrùn Ghana, lọ sí Scotland. Bóyá wọ́n tilẹ̀ ń juwọ́ síra wọn lójú agbami.

Èmi kò sí lára àwọn tó ń pe Nkrumah ní òpè lórí ọ̀rọ̀ yìí. Láìsí oníbàárà ńlá, kò sí owó ẹ̀yá; láìsí owó ẹ̀yá, kò sí dáàmù; odò ì bá ṣì máa ṣàn lọ sínú òkun lásán. Ṣùgbọ́n oníbàárà náà kò ṣàìmọ̀ ọ́n. Ẹni tó mọ̀ pé òun nìkan ni oníbàárà lọ́jà, ṣé ó máa ń kánjú náwó jáde ni? Kaiser mú iṣu, ó mú ọ̀bẹ. Ohun tó dùn mí jù kì í ṣe pé iná náà pọ̀ọ́kú. Ọ̀pọ̀ ibi láyé ni wọ́n ti ń ta iná lọ́pọ̀ fún irú ilé-iṣẹ́ yẹn, torí pé bí kò bá rí i lọ́pọ̀, ibòmíràn ni yóò lọ. Ohun tó dùn mí ni 30 ọdún. Ta ló mọ bí ayé yóò ṣe rí ní 30 ọdún?

Àwọn òṣìṣẹ́ Impregilo, ará Ítálì, àti àwọn ọmọ Ghana ló gbé dáàmù náà dúró láàárín 1961 sí 1965. Omi kún, ó di adágún tó gba ilẹ̀ tó kìlómítà onígun mẹ́rin 8,500, ọ̀kan nínú àwọn tó fẹ̀ jù lọ nínú èyí tí ọmọ aráyé fọwọ́ dá. Abúlé tó lé ní 700 ló rì sísàlẹ̀ rẹ̀, pẹ̀lú ojú oórì àti ojúbọ wọn. Àwọn èèyàn bí 80,000 kó ẹrù lọ sí ìlú tuntun 52 tí ìjọba kọ́ fún wọn. Ẹ gbọ́ ìkan: ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìlú tuntun yìí ló wà nínú òkùnkùn fún ọdún gbọọrọ, tí wáyà ńlá ń gba orí wọn kọjá lọ sí Tema. Àtùpà elépo ni wọ́n fi ń wo wáyà náà lálẹ́. Wọn kò lówó dọ́là, wọn kò sì ní ìkòkò tí kò gbọdọ̀ tutù.

Nkrumah ṣí dáàmù náà ní 22 January 1966. Ní 24 February, kò tíì pé oṣù méjì, àwọn ṣọ́jà gba ìjọba lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì fẹsẹ̀ tẹ Ghana mọ́ láyé rẹ̀. Ilé ìyọ́ VALCO bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1967 láìsí rẹ̀. Nígbà tó gbèrú tán, ìlà ìkòkò márùn-ún ló ní, tó lè ṣe 200,000 tọ́ọ̀nù lọ́dún, òun nìkan sì ń jẹ ju ìdajì iná Akosombo lọ.

Ibi tí wáyà ti kàn wá nìyí. Ní 1968, Togo àti Dàhòmì (Benin ni wọ́n wá ń pè é láti 1975) para pọ̀ dá àjọ iná kan sílẹ̀, Communauté Electrique du Bénin. Ẹ̀rọ oní-dísù ni wọ́n ti ń lò ṣáájú, owó epo rẹ̀ sì ń fa ìwo. Wọ́n bá VRA ṣe àdéhùn, ní oṣù December 1972 sì ni iná Akosombo gba Lomé kọjá dé Kutọnu. Ẹ rántí pé ní November 1969 ni ìjọba Busia lé àwọn àjèjì tí kò níwèé kúrò ní Ghana. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ Yorùbá, ará Ògbómọ̀ṣọ́, ará Ìlọrin, ará Ọ̀fà àti Ṣakí, tí wọ́n ti ń tajà ní Kumasi àti Tamale láti ayé bàbá wọn. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, iná odò Ghana ń tàn lé àwọn ìyá Yorùbá lórí ní ọjà Dantokpa ní Kutọnu. Iná kì í bi wáyà léèrè ìwé ìrìnnà.

Ìgbà òjò wá já wọn kulẹ̀. Láti 1982, ọ̀dá mú, odò Volta kò sì mú omi wá bí ti tẹ́lẹ̀. Adágún fà sẹ́yìn títí àwọn kùkùté igi tó ti rì láti bí ogún ọdún tún yọrí. Ọdún 1983 burú. Iná ẹ̀ẹ̀rùn jó oko run, oúnjẹ wọ́n, nínú oṣù January ọdún náà gan-an sì ni ìjọba Shagari lé àwọn àjèjì kúrò ní Nàìjíríà, tí ọmọ Ghana tó lé ní ọgọ́rùn-ún lọ́nà ẹgbẹ̀rún di ẹrù sínú báàgì tí à ń pè ní Ghana Must Go, tí wọ́n gba Kutọnu àti Lomé padà sí ilé tí kò sí oúnjẹ, tí iná sì ti ń ṣẹ́jú.

Báwo wá ni VRA yóò ṣe pín ìwọ̀nba iná tó kù? Oníbàárà mẹ́ta ló na ọwọ́: ilé ìyọ́ tí ìwé 30 ọdún wà lọ́wọ́ rẹ̀; àwọn ará Accra, Kumasi àti ilé ìwòsàn wọn; àti àwọn aládùúgbò ní Lomé àti Kutọnu tí wọ́n ti pa ẹ̀rọ dísù tì nítorí ìlérí tí a ṣe fún wọn. Òjò kò bá ẹnì kankan nínú wọn tọwọ́ bọ̀wé. Wọ́n dín iná VALCO kù, wọ́n ń pa ìlà ìkòkò kan tẹ̀lé òmíràn, tí wọ́n fi fara balẹ̀ tú irin inú wọn jáde kó má baà dì mọ́ ọn. Nígbà tí yóò fi di 1984, gbogbo rẹ̀ ti tutù. Wọ́n dín ti Togo àti Benin náà kù. Ẹ̀rọ dísù àtijọ́ tún bẹ̀rẹ̀ sí í han lẹ́bàá òkun. Àwọn méjèèjì wá sé odò Mono ní Nangbéto fúnra wọn, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní 1987. Ó kéré sí ti Akosombo gan-an, mẹ́gáwáàtì 65 péré ni, ṣùgbọ́n tiwọn ni.

Ọ̀dá yẹn ló sì fún Ghana láàyè láti tún ìwé ṣí. Láàárín àwọn ọdún 1970 wọ́n ti ń fi díẹ̀díẹ̀ kún owó iná náà, kò tíì ju nǹkan bíi mílì 5 lọ, nígbà tí owó epo rọ̀bì ti di ìlọ́po lọ́nà púpọ̀ láyé. Ìjọba Rawlings jókòó ti àwọn Kaiser fún ìgbà pípẹ́, ẹjọ́ gùn, ní 1985 ni wọ́n tó fẹnu kò sí mílì 17. Ìkòkò tún gbóná ní Tema. Ẹ wò ó, ìgbà tí ìkòkò tutù tán ni apá ẹni tó ni iná tó ká ọ̀rọ̀.

Àwọn ọdún tó tẹ̀lé e, mo lè sáré sọ ọ́. Ọ̀dá tún dé ní 1998. Àwọn ará ìlú Ghana ti ń lo iná tó pọ̀ nígbà náà, gbogbo ilé ló fẹ́ fíríìjì àti tẹlifíṣọ̀n, odò kan ṣoṣo kò sì lè bọ́ gbogbo wọn àti ilé ìyọ́ mọ́. Wọ́n kọ́ ẹ̀rọ iná sí Aboadze, lẹ́bàá Takoradi, tí epo àti gáàsì ń wà. Iná epo kì í ṣe iná omi. Kò sí bí wọ́n ṣe lè tà á ní mílì 17 kí wọ́n má jẹ gbèsè. Kaiser fúnra rẹ̀ ti wọ gbèsè ní Amẹ́ríkà ní 2002, òun àti VRA kò sì rí iye owó kan fẹnu kò sí. Ní 2003, VALCO ti ilẹ̀kùn. Ìjọba Ghana ra ìpín Kaiser ní 2004, ó sì ra ìyókù ní 2008.

Gáàsì tí wọ́n ń retí ní Takoradi náà, ọ̀dọ̀ wa ló ti ń bọ̀. Ọ̀pá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Itoki ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ó gba Àgbádárìgì bọ́ sínú òkun, ó ya sí Kutọnu, Lomé àti Tema, ó parí sí Takoradi. Ní August 2012, ọ̀pá náà bẹ́ lábẹ́ omi nítòsí Lomé, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún kan kí gáàsì tó padà sínú rẹ̀. Ìgbà náà ni àwọn ará Ghana sọ ọ̀rọ̀ “dumsor” di orúkọ ìyà wọn: pa á, tàn án. Wáyà ńlá kan sì wà láti Ikeja lọ sí Sakété láti 2007, tó ń gbé iná Nàìjíríà lọ fún Benin. Àwa tí à ń fi jẹnẹrétọ̀ sùn ní Èkó la wá di ẹni tí Kutọnu ń wojú rẹ̀.

Ẹnìkan lè ní kí irú ilé-iṣẹ́ yẹn kúkú kọ́ iná tirẹ̀. Àwa náà ti gbìyànjú rẹ̀. Ilé ìyọ́ alumíníọ̀mù tí ìjọba Nàìjíríà kọ́ sí Ikot Abasi ní ẹ̀rọ iná tirẹ̀, mẹ́gáwáàtì 540, gáàsì ló sì ń lò. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1997. Ní 1999 ó dákẹ́. Ẹni tó sá fún odò ṣubú lé gáàsì àti owó iṣẹ́ lọ́wọ́.

Ní ti Tema, ìjọba Ghana tan ilé ìyọ́ ní 2006, wọ́n tún pa á ní 2007 nígbà tí omi Akosombo lọ sílẹ̀. Ní 2011 wọ́n tún tàn án lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìlà kan ṣoṣo ni wọ́n rí iná fún. Nígbà náà, àwọn òṣìṣẹ́ ń dúró ti ìkòkò wọn tọ̀sán tòru lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà mẹ́rin tó tutù.